Títún ìbọn Baker ṣe, àti kíkọ́ èèyàn méjì láti jà pọ̀

Ìbọn náà dé ọ̀dọ̀ mi láìlè ta iná. Àwòkọ ìbọn Baker ni, irú èyí tí àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́wù àwọ̀ ewé ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé lọ sí Pọ́túgà àti Sípéènì nígbà tí wọ́n ń bá Napoleon, olórí ilẹ̀ Faransé, jagun. Ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n ti rọ ọ́, ẹni tó tà á fún mi sì ti gbé e kọ́ ara ògiri fún ọdún púpọ̀. Ẹgbẹ́ wa ní Kent, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, máa ń fi bí ogun ṣe rí láyé ìgbà yẹn han àwọn ọmọ iléèwé àti ará àdúgbò. A ti ní àwọn ẹlẹ́wù pupa tó ń tò lẹ́sẹẹsẹ. Ohun tí a kò ní ni àwọn tó máa ń ṣíwájú wọn: ọmọ ogun aṣáájú tí kì í tò, tí ń fọ́nká sẹ́yìn igi àti odi òkúta, tí ń yìnbọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ń da ọ̀tá láàmú kí ogun ńlá tó kò. Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ gbé lé mi lọ́wọ́ ni kí n ṣètò irú wọn, láti orí ìbọn dé orí aṣọ, awọ àti ẹ̀kọ́.

Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ ni mo ń rí i pé okùn kan náà ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìbọn Baker lọ́ra láti kì. Bí àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí ṣe ń rìn, ẹni tí wọ́n ń bá jẹun, bí ọ̀gá wọn ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀, inú ìlọ́ra yẹn ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti jáde. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ti ìbọn àti ti ẹ̀kọ́ pa pọ̀ sínú àkọsílẹ̀ kan.

Ìwé àṣẹ

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan irú iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé àṣẹ ni àkọ́kọ́. Ìbọn tó bá lè yìn, ìbọn ni lójú òfin, bó ti wù kó jẹ́ àwòkọ tó. Ọlọ́pàá ló ń fún èèyàn ní ìwé rẹ̀, ẹ̀tù náà sì ní ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀. Èyí tí mo ń tún ṣe yìí dán nínú, kò ní ìlà bíi ti Baker gidi, nítorí pé ìwé àṣẹ ìbọn tó dán nínú yàtọ̀ sí ti ráífù, ìyẹn ìbọn tí wọ́n gbẹ́ ìlà yíyí sí nínú, ó sì rọrùn jù ú lọ láti gbà. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ bíi tiwa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ráífù tó ní ìlà gan-an, tí a fi dán ọta wò, jẹ́ ti ẹgbẹ́ ayìnbọn kan tó ní ìwé àti pápá tirẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Baker

Shorncliffe kò jìnnà sí wa. Orí òkè ni, nítòsí Folkestone, òkun tó wà láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1803, nígbà tí Napoleon ń kó ogun jọ sí òdìkejì omi yẹn, Sir John Moore, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, kó rẹ́jímẹ́ǹtì mẹ́ta jọ síbẹ̀: 43rd, 52nd àti 95th. 95th nìkan ló gbé ráífù láàárín wọn. Ọdún 1800 ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì Coote Manningham àti William Stewart dá a sílẹ̀, wọ́n sì ṣa àwọn èèyàn rẹ̀ láti inú rẹ́jímẹ́ǹtì oríṣiríṣi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn kan náà ni wọ́n kó ráífù àwọn aláṣe lọ sí Woolwich láti dán wọn wò. Èyí tí Ezekiel Baker, arọbọn ará London, gbé wá ni wọ́n mú.

Ẹni tó bá mọ ṣakabùlà àwọn ọdẹ wa ti mọ ìbọn tí àwọn ẹlẹ́wù pupa ń gbé dé ìwọ̀n kan. Brown Bess ni wọ́n ń pè é. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì, ó dán nínú, ọta rẹ̀ sì kéré sí ẹnu náà kó lè yára wọlé. Nítorí ààyè tó ṣẹ́ kù yẹn, ọta ń forí sọ ògiri inú ìbọn bó ṣe ń jáde lọ, ibi tó bá forí sọ kẹ́yìn ló ń darí rẹ̀. Bí ó bá ti kọjá 100 yáàdì, kò sí ẹni tó lè fi ẹ̀rí ọkàn sọ pé òun wo ẹnì kan, òun sì bá a. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tò, kí ọ̀pọ̀ ọta lè lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Inú Baker yàtọ̀. 30 íǹṣì ni gígùn ojú ìbọn rẹ̀, ìlà méje ni wọ́n gbẹ́ sínú rẹ̀, ìlà náà sì ń yí díẹ̀díẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin àyíká láti ìdí dé ẹnu. A ó fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ti fi ọ̀rá pa wé ọta, awọ náà á di ìlà mú, ọta á máa yí bó ṣe ń jáde. Ohun tó ń mú òkòtó dúró ṣinṣin lórí ilẹ̀ nígbà tó bá ń yí náà ló ń mú ọta yẹn lọ tààrà. Ní 200 yáàdì, ẹni tó mọ̀ ọ́n lò lè fojú sun ẹnì kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n awọ tó di ìlà mú yẹn náà ló ń mú kíkì rẹ̀ nira. Ẹlẹ́wù pupa tó já fáfá lè yìn lẹ́ẹ̀mẹta ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá ń fi awọ ki Baker, ẹ̀ẹ̀mejì ni bí ó bá yára gan-an. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n tilẹ̀ fún àwọn kan ní òòlù igi kékeré láti fi gbá ọta wọlé, kó tó di pé wọ́n rí i pé ọwọ́ àti ọ̀pá ìkìbọn tó.

Àwa ọmọ Yorùbá mọ ohun tí ìlà inú ìbọn lè fà lójú ogun. Ní Kírìjì, nígbà tí àwọn ọmọ Èkìtì tó wà ní Èkó fi ráífù ránṣẹ́ sílé, ṣakabùlà Ìbàdàn kò tó o mọ́. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ki àwọn ráífù Èkìtìparapọ̀ yẹn, wọ́n ń lọ jìnnà, wọ́n sì tún ń yá. Baker ti ju èyíinì lọ ní nǹkan bí ọgọ́rin ọdún: ó ń lọ jìnnà, kò yá. Ẹni tó bá gbé e gbọ́dọ̀ wá ọgbọ́n mìíràn tí yóò fi dí àlàfo ìyára yẹn.

Ẹ̀rọ ìbọn

Ibí ni mo ti pẹ́ jù, ibí ló sì dùn mọ́ mi jù.

Ẹ̀mú kékeré kan ló di òkúta mú lára irú ìbọn yìí. A fi awọ wé ìdí òkúta náà kó má baà yọ̀. Bí ìka bá fa ohun ìfà, ẹ̀mú náà á já lọ síwájú, òkúta á ha ojú irin kan tó dúró gangan lókè àwo ẹ̀tù. Bí ó ṣe ń ha á ni irin náà ń ṣubú síwájú, àwo á ṣí, iná tó ta á bọ́ sínú ẹ̀tù inú àwo, ọwọ́ iná á sì gba ihò tóóró kan wọ inú ìbọn. Ara irin ni iná yẹn ti ń wá. Òkúta ń bó irin náà ní bíńtín-bíńtín, èyí tó bó sì ń gbóná débi tó ń jó nínú afẹ́fẹ́.

Irin náà gbọ́dọ̀ le, nígbà náà. Èyí tí wọ́n fi sára ìbọn yìí rọ̀ pátápátá. Mo fi fáìlì kàn án ní etí, fáìlì jẹ ẹ́ wọnú. Irin tó le dáadáa, ńṣe ni fáìlì máa ń yọ̀ lórí rẹ̀. Òkúta ti gbẹ́ ihò sí ojú rẹ̀ láìrí iná kankan gbà níbẹ̀. Ó bà mí nínú jẹ́ pé wọ́n ń ta irú rẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ kọ́ ìtàn, torí pé ẹni tó bá gbé e yóò rò pé bí ìbọn àtijọ́ ṣe rí nìyẹn, pé kì í dáhùn. Ìbọn olókùúta tó pé, tí òkúta rẹ̀ mú, máa ń dáhùn.

Alágbẹ̀dẹ kan wà ní abúlé tó múlé ti tiwa, bàbá àgbàlagbà tó ṣì ń fi èédú ṣiṣẹ́. Òun ló yá mi ní àrò àti ojú rẹ̀. A kó irin náà sínú àpótí irin kékeré, a fi èédú egungun àti awọ tí a ti jó yí i ká, a fi amọ̀ dí etí àpótí náà kí afẹ́fẹ́ má baà wọlé, a sì tì í sínú iná títí ó fi pọ́n yòò. A jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, kí ohun tó wà nínú èédú lè wọ ojú irin. Lẹ́yìn náà a yọ ọ́, a jù ú sínú omi lójú ẹsẹ̀. Fáìlì kò ràn án mọ́.

Iṣẹ́ kò tíì tán níbẹ̀. Ìdí irin náà, níbi tí ìṣó gbà kọjá, kò gbọ́dọ̀ le tó ojú rẹ̀, nítorí irin tó le jù a máa kán. Bàbá náà fi aṣọ tútù wé ojú rẹ̀, ó sì fi iná díẹ̀ yan ìdí rẹ̀ títí àwọ̀ rẹ̀ fi di aró. Ó ń wo àwọ̀ yẹn láìṣẹ́jú. Àwọ̀ koríko gbígbẹ ló kọ́kọ́ ń dé, ti ilẹ̀ pupa tẹ̀ lé e, kó tó di aró. Bí èèyàn bá jẹ́ kó kọjá aró, ó ti rọ̀ jù.

Sípíríǹgì tó kù. Èyí tó ń ti irin náà sẹ́yìn le ju èyí tó ń ju ẹ̀mú lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni òdìkejì rẹ̀ ló yẹ kó rí. Òkúta á já wá, á kọlu irin, irin á kọ̀ láti ṣubú, òkúta á fọ́. Mo fi òkúta ìpọ́nbẹ lọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, mo ń dá a padà sáyè rẹ̀, mo ń dán an wò, títí irin fi ń ṣubú wẹ́rẹ́ láìjẹ́ pé ó ń ṣubú fúnra rẹ̀ bí mo bá gbé ìbọn sáré. Ojú ìbọn àti ihò iná rẹ̀ ni n kò fọwọ́ kàn rárá. Arọbọn tó ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ ló yẹ̀ ẹ́ wò, ilé ìdánwò ìbọn ló sì tẹ̀ ẹ́ lóǹtẹ̀.

Òkúta tí mo fi sí i, Brandon ló ti wá, ìlú kékeré kan ní Suffolk. Òkúta dúdú ni, ó ń dán, ó sì ń là pẹrẹsẹ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n là bá gbá a. Àwọn ará Brandon ló ń la òkúta fún ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà Napoleon. Nígbà tí ogun fi ìbọn olókùúta sílẹ̀, iṣẹ́ wọn kò parẹ́, torí pé ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ṣì ń rà á fún ṣakabùlà, òwò náà sì wọ inú ọ̀rúndún ogún. Inú mi dùn nígbà tí mo mọ èyí. Òkúta tó ń ta iná ní Shorncliffe àti èyí tó ń ta iná nínú igbó wa lè ti inú kòtò kan náà jáde.

Igi, idẹ, awọ

Kò sí púpọ̀ láti sọ níbí. Ìdí ìbọn nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, mo fá a, mo sì fi òróró linseed pa á léraléra. Mo fi ibi ìgbẹ́rẹ̀kẹ́lé sílẹ̀ ní apá òsì, níbi tí ayìnbọn ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé. Baker ní in nítorí pé ẹni tó gbé e gbọ́dọ̀ fojú sun ohun tó fẹ́ bà dáadáa kó tó yìn. Àpótí idẹ kékeré tó wà nínú ìdí ìbọn, tí wọ́n ń kó awọ ọta àti irin iṣẹ́ sí, kò ṣí dáadáa. Mo pààrọ̀ ìṣó rẹ̀. Idà orí ìbọn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó gùn tó nǹkan bí 23 íǹṣì, ó sì ní èkù tirẹ̀. Idà ni àwọn ọmọ ogun ráífù ń pè é títí di òní.

Ẹ̀wù náà jẹ́ àwọ̀ ewé tó ṣú, pẹ̀lú bọ́tìnnì ìlà mẹ́ta láyà. Ìgbànú àti okùn àyà dúdú, níbi tí ti àwọn ẹlẹ́wù pupa funfun. Ẹ wo bí aṣọ yẹn ti ṣe ń sọ irú ogun tí wọ́n fẹ́ jà: ẹlẹ́wù pupa fẹ́ kí wọ́n rí òun, ẹlẹ́wù àwọ̀ ewé fẹ́ parẹ́ sínú ewé. Ìwo ẹ̀tù ń rọ̀ lára rẹ̀, àti àpò kékeré fún ọta, ní àfikún sí àpótí ọta oníwèé (ọta àti ẹ̀tù tí a fi ìwé dì pọ̀) tí gbogbo ọmọ ogun ní. Télọ̀ tó rán an fún wa jẹ́ obìnrin kan nínú ẹgbẹ́, kò sì fi abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ kan án.

Ọta ní pápá

A lọ sí pápá ẹgbẹ́ ayìnbọn náà pẹ̀lú ráífù wọn tó ní ìlà. Ọ̀nà méjì ni ọmọ ogun 95th ń gbà ki ìbọn rẹ̀, a sì gbìyànjú méjèèjì. Bí àkókò bá wà, yóò da ẹ̀tù láti inú ìwo, yóò fi awọ olọ́ràá wé ọta, yóò sì tì í wọlé jẹ́jẹ́. Bí ọ̀tá bá ti sún mọ́ ọn, yóò já ọta oníwèé, yóò da gbogbo rẹ̀ wọlé láìfi awọ wé nǹkan kan. Èyí yá, ṣùgbọ́n ìlà kò rí ọta dì mú dáadáa.

A rí ìyàtọ̀ náà kedere lára pátákó. Ní 100 yáàdì, ọta tí a fi awọ wé ń wọ àyà àwòrán ọkùnrin tí a kùn sí i. Èyí tí kò ní awọ ń fọ́nká káàkiri ara pátákó, òmíràn kò sì kàn án rárá. Nǹkan mìíràn tí ìwé kì í sọ dáadáa ni ìdọ̀tí. Ẹ̀tù dúdú ń fi èérí lílẹ̀ sílẹ̀ nínú ìlà, bí a sì ṣe ń yìn sí i ni awọ ń ṣòro í tì sí i, títí a fi ní láti dúró nu ìbọn nínú. Ẹni tó bá wà lójú ogun kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Fún ìdí yìí, ọmọ ogun ráífù ní láti ṣọ́ ọta ná. Kò gbọ́dọ̀ yìn kó ṣáà lè dún.

Ẹ̀kọ́

Àwọn tí mo kọ́ ti tò pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́wù pupa tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí ẹ̀kọ́ wọn le. Ẹlẹ́wù pupa tó dára máa ń yìn nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ bá yìn, ó ń lọ nígbà tí ìlà bá lọ, ìlù ló ń sọ fún un. Gbogbo ìyẹn ni wọ́n ní láti bọ́ sílẹ̀.

Méjì-méjì ni wọ́n ń jà. Nínú méjèèjì, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ní ìbọn kíkì lọ́wọ́ nígbà gbogbo. Àtúnṣe tí wọ́n rí fún ìlọ́ra Baker nìyí, n kò sì rò pé èyí tó dára jù ú lọ wà. Ẹni àkọ́kọ́ á yìn, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì. Ẹnìkejì rẹ̀ ti gbé ìbọn léjìká, ó rí ọ̀tá dáadáa, ìka rẹ̀ wà lórí ohun ìfà, síbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ yìn. Yóò dúró dìgbà tí ẹni àkọ́kọ́ bá kì tán, tó sọ pé ó yá. Ìgbà yẹn ni yóò tó yìn. Bí wọ́n bá ń lọ síwájú, ẹni tó wà lẹ́yìn á sáré kọjá ẹnìkejì rẹ̀ tó ti kì tán, á wá ibi tó lè sá pamọ́ sí, á sì wólẹ̀. Bí wọ́n bá ń padà, ẹni tó wà níwájú á yìn, á sáré kọjá sẹ́yìn, ẹnìkejì á sì dúró ṣọ́ ọ.

Ó rọrùn lórí pápá títẹ́jú. Nínú igbó, pẹ̀lú èéfín ẹ̀tù lójú, ó di nǹkan mìíràn. Àwọn ọmọdékùnrin méjì kan tó mọ ìbọn kì ju gbogbo èèyàn lọ ni wọ́n kọ́kọ́ kùnà, torí pé ìkánjú kọ̀ọ̀kan wọn kò jẹ́ kó gbọ́ ohùn èkejì. Lẹ́yìn náà ni mo fi òfin Stewart bọ̀ ọ́. Nínú ìlànà tí wọ́n kọ fún ráífù ní ọdún 1801, ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan yan ẹnìkejì kan, wọ́n jọ ń sùn, wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń lọ síṣẹ́ ìṣọ́. Mo ní kí àwọn tiwa náà yan ẹnìkejì, kí wọ́n jọ máa jẹun ọ̀sán láti inú abọ́ kan, kí ẹnì kan máa ru omi, kí ẹnìkejì máa ru oúnjẹ. Ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹgbẹ́ bi mí bóyá eré ni mo ń ṣe. Kì í ṣe eré. Ẹni tí o ti bá jẹun fún oṣù kan, o ti mọ bó ṣe ń mí nígbà tó bá ń sáré, o mọ ìgbà tó ń purọ́ pé òun ti kì tán. Àwọn ọmọdékùnrin méjì yẹn ló dára jù lọ báyìí.

Ìlù kò wúlò níbi tí àwọn èèyàn bá ti fọ́nká, ohùn ẹnu kì í sì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà nínú ihò lódì kejì igbó. Fèrè ni wọ́n ń lò. Fèrè ń sọ pé kí wọ́n lọ, kí wọ́n dúró, kí wọ́n yìn, kí wọ́n padà wá tò. Àmọ́ fèrè kò lè sọ igi tí èèyàn yóò sá sẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó wà níbẹ̀ ló gbọ́dọ̀ yàn án fúnra rẹ̀. Mo ń kọ́ wọn pé kí wọ́n máa yọjú láti apá ọ̀tún igi, níbi tí èjìká tó gbé ìbọn ti ń yọ ṣáájú ara tó kù. Pé kí wọ́n má ṣe kóra jọ sẹ́yìn igi kan nítorí pé ó tóbi. Pé bí wọ́n bá dùbúlẹ̀ yìn, kíkì yóò ṣòro, torí pé ẹ̀tù gbọ́dọ̀ ṣàn wá sísàlẹ̀, nítorí náà kí wọ́n ti mọ ibi tí wọ́n yóò yí sí. Ìtàn sọ pé ẹ̀yìn ni Thomas Plunkett ti 95th fi lélẹ̀ nígbà tó yìnbọn pa Ọ̀gágun Colbert ti Faransé ní Cacabelos ní Sípéènì, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1809. Àwọn tiwa gbìyànjú ìdùbúlẹ̀ yẹn, okùn ìbọn kọ́ ẹsẹ̀, ó sì dúró dáadáa ju bí mo ṣe rò lọ.

Ibí ni ìbọn ti kan ọ̀gá. Bí ọmọ ogun bá fẹ́ yan igi fúnra rẹ̀, tí kò sí ẹni tó ń wò ó, pàṣán kò lè kọ́ ọ ní ìyẹn. Ó gbọ́dọ̀ fẹ́ ṣe é. Moore ní kí àwọn ọ̀gá kéékèèké kọ́ ìdárayá ogun náà pẹ̀lú àwọn èèyàn wọn, kí wọ́n mọ̀ wọ́n lórúkọ, kí wọ́n dènà ẹ̀ṣẹ̀ kó tó di ìyà. Nínú rẹ́jímẹ́ǹtì ráífù, iléèwé wà fún àwọn ọmọ ogun, àmì ẹ̀yẹ wà fún ẹni tó hùwà dáadáa, àwọn tó yìnbọn dáa jù sì ń fi àmì àwọ̀ ewé sí fìlà. Ní àkókò tí pàṣán ń bó ẹ̀yìn ọmọ ogun káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ọmọ iléèwé ju ti ìbọn lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni mi ò fi ibi tó kù káàtó pamọ́ fún wọn. Aṣáájú tó fọ́nká lórí pápá gbalasa, tí ẹlẹ́ṣin bá dé bá a, ikú ló dé yẹn, àfi bó bá tètè sá padà sọ́dọ̀ àwọn tó tò tàbí kí wọ́n kóra jọ di igun mẹ́rin pẹ̀lú idà lórí ìbọn. Nítorí náà a kọ́ wọn ní títò pẹ̀lú, láìka bí wọ́n ṣe kùn sí. Ní Buenos Aires, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ní ọdún 1807, ráífù kò gba àwọn 95th tó wà lábẹ́ Craufurd, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, là. Wọ́n há sínú ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ Santo Domingo láàárín ìlú, wọ́n sì túúbá. Lódì kejì, àwọn aṣáájú Faransé tí Napoleon dá sílẹ̀ láti ọdún 1804 gbé ìbọn tó dán nínú, wọ́n sì mú ọ̀pọ̀ ogun ilẹ̀ Yúróòpù wọ̀ nítorí pé a ti kọ́ wọn. 43rd àti 52nd náà, tí wọ́n wà ní Shorncliffe pẹ̀lú ráífù, ìbọn tó dán nínú ni wọ́n gbé já ogun Sípéènì. Nígbà tí wọ́n sọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ara Light Division, ẹgbẹ́ ogun ńlá kan, ní ọdún 1810, ẹ̀kọ́ kan náà ló wà lára wọn.

Ìbéèrè kan

Ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ ṣe àfihàn, màmá kan láti Abẹ́òkúta, tó mú ọmọ ọmọ rẹ̀ wá, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Ọmọ mi, àwọn èèyàn dúdú wà nínú ogun yìí bí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Láti ọdún 1795 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń dá àwọn rẹ́jímẹ́ǹtì West India sílẹ̀ fún àwọn erékùṣù Kàríbíà, ẹrú tí wọ́n rà nínú ọkọ̀ ni wọ́n sì fi kún wọn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Ọdún 1807 ni òfin sọ wọ́n di òmìnira. Lẹ́yìn tí wọ́n fòfin de òwò ẹrú, Freetown ní Sàró ni wọ́n ti ń gba ọmọ ogun sí i, láàárín àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí òkun, àwọn tiwa sì di púpọ̀ níbẹ̀ nígbà tó yá. Ibẹ̀ ni wọ́n kó Àjàyí Crowther ọmọ Òṣogùn lọ ní ọdún 1822. Màmá náà ní kí n máa sọ ọ́ láì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi mí kí n tó sọ. Ó ti wà nínú ohun tí a ń sọ ní gbogbo àfihàn báyìí.

Ohun tó kù

Ìbọn ń ta iná dáadáa. Mo ń yí òkúta padà kó tó kú, mo sì ń nu àwo rẹ̀ lẹ́yìn ìyìn kọ̀ọ̀kan. Ìwo ẹ̀tù ṣì nílò ìdérí tó ń padà fúnra rẹ̀, nítorí ìwo tó ṣí sílẹ̀ nítòsí iná léwu. Títí dìgbà náà, òfìfo ni a ń gbé e lọ sí àfihàn. A ní afèrè kan báyìí, ọmọbìnrin tó ń fun fèrè ní ilé ìjọsìn, ó ti mọ ìpè lílọ àti dídúró, ó ń kọ́ ti pípadà lọ́wọ́. Ìbọn kejì ti dé, láti ọwọ́ ẹlòmíràn. Mo ti fi fáìlì kan irin rẹ̀, òun náà rọ̀. Mo ti ránṣẹ́ sí bàbá alágbẹ̀dẹ, ó ní kí n kó egungun wá.